Odidi ọdún kan létí adágún kan ṣoṣo: bí mo ṣe ń ya fọ́tò ìṣẹ̀dá rè é. Ẹ̀yin ńkọ́?

#1 ÌrìÒwúrọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwọn kan ti ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé níbo ni mo ti ń rí ohun tí mò ń yà. Wọ́n ní téèyàn bá wo fọ́tò mi, ó dà bí ẹni pé mò ń rìn káàkiri ayé. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ lónìí. Láti bí ọdún kan, gbogbo fọ́tò tí mo gbé síbí, ibì kan ṣoṣo ni mo ti yà wọ́n. Adágún ni. Kò tóbi, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lèèyàn máa fi rìn yí i po. Òjúoró bo apá kan rẹ̀, òṣíbàtà wà láàárín, igi wíwó kan sì na ẹ̀ka sínú omi lápá ìlà-oòrùn.

Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé mi débẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀, dókítà sì ní n kò gbọdọ̀ rìn jìnnà fún oṣù mẹ́ta. Kó tó dìgbà náà, mo wà lára àwọn tó máa ń rí fọ́tò òkè kan tó lókìkí, tí wọ́n á wá wọ ọkọ̀ lọ ya òkè yẹn kan náà, láti ibi kan náà, lásìkò kan náà. Ihò tí tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé) àwọn tó ṣáájú dá sílẹ̀ ni mo máa ń ki ẹsẹ̀ tèmi bọ̀. Fọ́tò á dára. Á dára bíi ti gbogbo èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ létí adágún, mi ò rí nǹkan kan. Mi ò ṣàwàdà. Omi, koríko, omi. Mo ya bí irinwó fọ́tò, mo pa gbogbo wọn rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, inú bí mi, mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ sínú àpò, mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí lámilámi pupa kan. Ó bà lé ṣóńṣó igi tín-ín-rín kan. Á fò, á lé kòkòrò lọ, á tún padà sórí ṣóńṣó igi yẹn gan-an. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló padà kí n tó dìde. Bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, èmi yìí ti ń lé e kiri pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́, bí ẹni tí adìẹ rẹ̀ já.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé tripod kalẹ̀, mo to ojú lẹ́ǹsì sí ṣóńṣó igi náà, mi ò to ó sí lámilámi. Mo wá dúró. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ méjèèjì mú ketekete.

Ohun tí mo ṣì dì mú nìyẹn. Mi ò lé nǹkan mọ́, ibi tí nǹkan ń padà sí ni mò ń wá. Ìmọ́lẹ̀ náà máa ń padà. Afẹ́fẹ́ máa ń padà. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ wọ́n sí, pé ní aago báyìí, oòrùn kan apá báyìí. Pé afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́. Tí mo bá ti kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà yẹn ni mo tó máa ń gbé kámẹ́rà lọ bá a.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo ni tiyín ti ń wá? Ẹ sì sọ òótọ́ fún mi: ṣé jíjókòó sójú kan ò ní sọ ojú èèyàn di bàìbàì?

#2 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ǹsì wo lẹ fi ya lámilámi yẹn?

#3 Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta

Ha! Ìtàn ò tíì délé, àbúrò ti ń béèrè orúkọ ẹṣin.

Ẹ̀gbọ́n Ìrì, ọ̀rọ̀ yín rán mi létí Jim Brandenburg. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn National Geographic. Ní 1994 ó fún ara rẹ̀ lófin kan: láti ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba nígbà ìwọ́wé títí di ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ́dún, ìyẹn àádọ́rùn-ún ọjọ́, fọ́tò kan ṣoṣo lòun máa yà lóòjọ́. Kì í ṣe pé á ya púpọ̀ kó wá ṣà kan nínú rẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀kan ni á tẹ bọ́tìnì, ó parí fún ọjọ́ yẹn. Inú igbó ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota, nítòsí ilé rẹ̀, ló ti ṣe é, fíìmù ló sì ń lò, kò sí ojú kámẹ́rà kankan tí á fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dáa. Ní 1997 ni National Geographic tó tẹ̀ wọ́n jáde.

Èmi náà dán an wò, ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Ọjọ́ kẹsàn-án ló bá mi jà. Ara mi ò lélẹ̀ láàárọ̀ yẹn, mo ti ná ẹyọ kan tèmi sórí ewé gbígbẹ kan tí kò sọ nǹkan kan fún mi. Ìrọ̀lẹ́ dé, bí mo ṣe ń padà bọ̀, òwìwí kan bà lé òpó ọgbà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí mi lọ. Ó yí orí, ó wò mí. Oòrùn tó ń wọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìyẹ́ wínníwínní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ń tàn bí iná.

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lọ. Mi ò wo òwìwí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, torí kò sí ohun tó dí mi lójú. Láti ọjọ́ kẹwàá lọ, mi ò kánjú tẹ bọ́tìnì mọ́, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára pé ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bọ̀.

#4 Arìnrìnàjò_K

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ìrìn-àjò ló la ojú tèmi.

Ẹ wo fọ́tò Frans Lanting, ayafọ́tò ìṣẹ̀dá, tí National Geographic gbé jáde ní 2011, èyí tó yà ní Deadvlei, ilẹ̀ gbígbẹ kan láàárín aṣálẹ̀ ní Nàmíbíà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á búra pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Igi gbígbẹ dúdú ló dúró káàkiri, ẹ̀yìn wọn pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n jù. Bẹ́ẹ̀, òkè iyanrìn ni ẹ̀yìn yẹn, tí oòrùn àárọ̀ ń tàn sí, nígbà tí ilẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn igi ṣì wà nínú òjìji tí ó ń ṣe bíi búlúù. Ká ní Lanting jókòó ti adágún kan ni, ibo ni ìyẹn á ti wá?

#5 ÌrìÒwúrọ̀

@Arìnrìnàjò_K, ọ̀rẹ́ mi, ẹjọ́ mi lo bá mi rò yẹn.

Òkè wà nínú oòrùn, ilẹ̀ ṣì wà nínú òjìji: àsìkò tí méjèèjì jọ máa ń wà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Ẹni tó bá dé lánàá tó fẹ́ lọ lọ́la, bí kò bá mọ wákàtí rẹ̀, ìgbà tí oòrùn bá ti kan gbogbo ilẹ̀ ni á tó débẹ̀. Á ya igi gbígbẹ lórí ilẹ̀ funfun, á máa lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mi ò ní kéèyàn má rìn o. Kéèyàn pẹ́ níbi tó bá rìn dé ni mò ń wí.

@Ọmọ_Ẹ̀kọ́, má dá Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta lóhùn jàre. Macro 100mm ni, lẹ́ǹsì tí à ń fi ya ohun kékeré nítòsí, mo ti ń lò ó láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo tún ní 300mm kan tó ti gbó, fún ohun tó jìnnà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí fọ́tò ẹ̀kán ìrì tó ní òdòdó nínú, èyí tí ọ̀pọ̀ ń bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà ni mo fi fi òdòdó síbẹ̀.

Ìrì kì í sẹ̀ dáadáa lóru tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, tàbí tí ìkúùkù bá bo ojú ọ̀run. Òru tó mọ́, tó sì dákẹ́ ló fẹ́. Torí náà ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ mi ti ń bẹ̀rẹ̀: mo máa ń jáde wo ìràwọ̀ kí n tó sùn. Bí mo bá rí wọn, tí ewé kò sì mì, mo ti mọ ibi tí n ó wà láàárọ̀.

Láàárọ̀, mo lọ bá àwọn koríko gíga tó wà létí omi, mo wá ẹ̀kán ìrì tó so rọ̀ sí ṣóńṣó ewé. Ẹ̀kán ìrì máa ń ṣe bíi lẹ́ǹsì: ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á hàn nínú rẹ̀, á dorí kodò. Òdòdó òṣíbàtà kan wà lẹ́yìn tèmi, bí ìwọ̀n apá kan sí i. Mo to ojú lẹ́ǹsì sí ara ẹ̀kán náà. Ẹ̀kán mú, òdòdó inú rẹ̀ ò mú. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó yé mi: òdòdó tí mò ń rí yẹn kò sí lójú kan náà pẹ̀lú omi tó gbé e dání, ó yọ síwájú díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ní láti fa kámẹ́rà sẹ́yìn bíi mìlímítà kan péré. Mo fà á. Òdòdó yọ, ewé rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ dorí kodò nínú ohun tí kò tó orí ìṣáná. Mo mí kanlẹ̀ fún ìdùnnú, èémí mi sì gbọ̀n ewé. Ẹ̀kán já bọ́.

Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi wá fọ́tò yẹn. Lẹ́ǹsì kan náà ló wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

#6 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n. (Ṣùgbọ́n mo kọ 100mm sílẹ̀ o.)

#7 Dúdú-àti-Funfun

Ibi tí nǹkan ń padà sí ṣe pàtàkì lóòótọ́. Àmọ́ báwo lo ṣe fẹ́ kó rí nígbà tó bá dé? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1927, Ansel Adams, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 25 nígbà náà, gun òkè lọ síbi tí èèyàn ti lè dojú kọ àpáta Half Dome ní Yosemite, ní California. Àwo gíláàsì ló ń lò dípò fíìmù, ó wúwo, kò sì ṣeé rù púpọ̀. Nígbà tó fi máa débẹ̀, méjì péré ló kù. Ó fi ọ̀kan yà á pẹ̀lú fílítà yẹ́lò, ìyẹn gíláàsì aláwọ̀ tí à ń fi bo ojú lẹ́ǹsì. Bó ṣe ṣe é tán ló mọ̀ pé ojú ọ̀run á jáde bí gbogbo ayé ṣe ń rí i, kò ní gbé bí àpáta yẹn ṣe wúwo lé òun láyà jáde. Ó yọ fílítà yẹ́lò, ó fi pupa kíki rọ́pò rẹ̀, ó fi àwo tó kù yà á.

Fílítà pupa kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Torí náà ojú ọ̀run tó jẹ́ búlúù ṣú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àpáta wá yọ gàgàrà níwájú rẹ̀. Àpáta kan náà, ọ̀sán kan náà. Ohun tó mú ìkejì yàtọ̀ ni pé ó ti rí fọ́tò náà nínú ọkàn ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Visualization ló ń pè é. Èmi máa ń sọ pé ká fi inú rí i ná.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi: kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo máa ń bi ara mi, mo tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ síta bí kò bá sí ẹnì kankan nítòsí, pé "kí ló dá ẹ dúró?" Bí èsì bá jẹ́ "ó rẹwà", mi ò tíì rí i nìyẹn. Bí èsì bá jẹ́ "àwọn igi méjì yẹn ń fẹ̀gbẹ́ tira bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó", ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti mọ ohun tó máa kúrò nínú fọ́tò: gbogbo igi yòókù, ojú ọ̀run, àti àwọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn dúdú àti funfun nìyẹn. Ewé tútù a máa pariwo jù nígbà mìíràn, èèyàn ò ní gbọ́ òfófó náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀gá yẹn kì í kánjú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1941, ó ń wa ọkọ̀ lọ ní New Mexico, ó rí òṣùpá tó ń yọ lókè abúlé Hernandez, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tàn sára àwọn àgbélébùú itẹ́ òkú. Ó bẹ́ sílẹ̀. Ó wá ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò rí i. Ó rántí bí òṣùpá ṣe máa ń mọ́lẹ̀ tó, ó fi ìyẹn ṣírò, ó yà á lẹ́ẹ̀kan. Kó tó múra láti ya ìkejì, oòrùn ti kúrò lára àgbélébùú. Kò tilẹ̀ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ló padà fi ipò òṣùpá ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìnlá fi inú rí nǹkan, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó o.

#8 Lámilámi77

Ẹ wo orúkọ mi, ẹ mọ̀ pé mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò.

Ẹ̀gbọ́n Ìrì ò sọ ìdí mìíràn tí àárọ̀ kùtù fi dára. Kòkòrò kì í ní ìgbóná tirẹ̀ bíi tiwa. Bí òru bá tutù, lámilámi àti labalábá á di ewé mú, wọn ò ní lè fò títí oòrùn á fi yá wọn lára. Ìrì á ti bò wọ́n, èèyàn á ka ẹ̀kán tó wà lórí ojú wọn. Mo máa ń fi bí ogún ìṣẹ́jú ya ẹyọ kan. Nígbà tí mo bá rí i pé ìyẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, mo mọ̀ pé ó ń fi mímì yá ara rẹ̀ láti fò, mo máa ń sún sẹ́yìn.

Ẹ̀rín díẹ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà, Richard àti Cherry Kearton. Wọ́n fi awọ màlúù bo igi, wọ́n sọ ọ́ di màlúù oníhò nínú, wọ́n sì máa ń wọnú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kí ẹyẹ má bàa sá fún wọn. Nígbàkigbà tí ẹ̀yìn bá ń ro mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo máa ń rántí ẹni tó dúró sínú màlúù.

#9 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Ẹ̀gbọ́n Lámilámi, mo ka ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kéèyàn gbé kòkòrò sínú fíríìjì kó lè dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n tún ní téèyàn bá fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́, ẹyẹ á wá fúnra rẹ̀. Ṣé ó burú ni?

#10 Òṣùpá_Lókè

Àbúrò, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn, torí èmi ló kan.

Ohùn ẹyẹ tí o bá gbé sáfẹ́fẹ́ yẹn, akọ tó ni agbègbè náà á rò pé ọ̀tá ló dé. Á fi oúnjẹ sílẹ̀, á fi ìtẹ́ sílẹ̀, á máa wá ẹni tí á bá jà, tí kò ní rí. Ìwọ á rí fọ́tò ẹyẹ tó la ẹnu. Ní ti fíríìjì, ìrì tó sẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ná ọ ní kọ́bọ̀. Àárọ̀ ti bá ọ ṣe é tán.

Àwọn tó ń wo fọ́tò náà ò gọ̀. Ìdíje ńlá tí Natural History Museum ti London ń ṣe fún àwọn tó ń ya ẹranko, wọ́n gba ẹ̀bùn ńlá ọdún 2009 padà torí àwọn adájọ́ gbà pé ìkookò tó ń fo ilẹ̀kùn ọgbà nínú fọ́tò náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí èèyàn ti tù lójú. Ní 2018, wọ́n tún yọ òmíràn kúrò, torí ẹranko inú rẹ̀ jọ èyí tó ti kú tí wọ́n ki nǹkan sínú awọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìdíje ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ọdún kẹta tí mo mú kámẹ́rà, mo rí ìtẹ́ ẹyẹ kan tó kún fún ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀ka kan dí mi lójú, ewé rẹ̀ kò ju méje lọ. Mo gé e. Ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa, mo ya fọ́tò tó dára jù lọ tí mo tíì yà nígbà náà: ẹnu mẹ́ta là sókè, pupa fòò. Lọ́jọ́ kejì, ìtẹ́ náà ṣófo. Ewé méje yẹn ni ìbòòji wọn, òun náà ni kò jẹ́ kí àṣá rí wọn láti òkè.

Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kankan ò rí i rí.

#11 Lámilámi77

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí.

#12 Arìnrìnàjò_K

Mo dúró díẹ̀ kí n tó kọ èyí.

Ó dáa, mo gba apá kan. Lóòótọ́, nínú fọ́tò tí mo yà lọ́dún tó kọjá, àwọn tí mo ṣì fẹ́ràn jẹ́ ti ibi tí ọkọ̀ ti bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, tí a sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìfẹ́. Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí èyí: báwo ni kò ṣe ń sú yín? Omi kan náà, igi kan náà, ọdún ń gorí ọdún.

#13 Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta

Ẹni tó lè dáhùn ìyẹn ti kú ní 1931. Wilson Bentley lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ní Jericho, ìpínlẹ̀ Vermont. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1885 ló so kámẹ́rà mọ́ maikirosíkópù, tó sì kọ́kọ́ rí ẹyọ yìnyín kan yà. Nínú òtútù ló ní láti ṣe é, torí èémí ẹnu lásán lè yọ́ ọ dànù. Nígbà tó fi máa kú, àwọn tó ti yà lé ní 5,000, ìlú yẹn náà ló sì ti yà wọ́n. Ohun kan náà ló ń já bọ́ láti òkè lójoojúmọ́ o! Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lójú ọ̀nà.

Èmi ò ní sọ pé kì í sú mi. Ó máa ń sú mi. Tó bá sú mi, mo máa ń yí lẹ́ǹsì padà, tàbí kí n lọ sùn.

#14 ÌrìÒwúrọ̀

Ó ń sú èmi náà. Lóṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò débẹ̀. Mi ò bínú sí i. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti ro apá kan òjúoró kúrò, òjìji igi wíwó wá hàn lójú omi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ya òjìji nìkan fún oṣù kan. Mo ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà wà ní ṣíṣí pẹ́ díẹ̀, bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ìgbì kékeré lè fa ẹ̀ka gùn bí irun tí wọ́n ya. Púpọ̀ nínú wọn bà jẹ́. Mẹ́ta dára.

#15 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí, mo ti padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Mi ò ní adágún. Kùkùté igi kan ni mo ń jókòó tì láràárọ̀. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta, mo rí i pé àwọn èèrà kan ń gba ojú ọ̀nà kan náà lórí rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ láti inú ihò kan lápá ọ̀tún, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì. Mo rántí lámilámi, mo ní mo ti rí ibi tí nǹkan ń padà sí! Mo ya bí ọgọ́ta. Gbogbo rẹ̀ dà bí ìgbà tí yíǹkì ta sórí páálí. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa.

#16 ÌrìÒwúrọ̀

Àbúrò, o ti rí ohun tó le jù, èyí tó kù kò pọ̀. Ìbéèrè kan: nígbà tí o yà wọ́n, ṣé o dúró ni àbí o jókòó?

#17 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Mo dúró ni, ẹ̀gbọ́n. Mo na kámẹ́rà sísàlẹ̀.

#18 ÌrìÒwúrọ̀

Ìyẹn nìyẹn. Láti òkè, èèrà ò lè ju yíǹkì lọ.

Sebastião Salgado, ayafọ́tò ọmọ Brazil tó kú ní 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìṣẹ̀dá, Genesis, ní erékùṣù Galápagos ní 2004. Ó fẹ́ ya ìjàpá ńlá kan. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ní ìdúró, ìjàpá ń lọ. Ó wá kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ àti orúnkún rìn, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ dé ibi tí ìjàpá wà. Ìgbà yẹn ni ìjàpá dúró, tó sì ń bọ̀ wá wò ó.

Torí náà, dùbúlẹ̀. Kí ojú lẹ́ǹsì bá ojú èèrà dọ́gba. Lẹ́yìn náà, má wo èèrà mọ́, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá mọ́lẹ̀ tó sì kún fún pàǹtírí, èèrà á sọnù sínú rẹ̀. Sún sọ́tùn-ún, sún sósì, títí tí wàá fi rí ohun dúdú kan tó wà nínú òjìji lẹ́yìn rẹ̀. Kí oòrùn wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí lẹ́yìn èèrà, kó má ṣe wà lẹ́yìn rẹ. To ojú lẹ́ǹsì sí ibì kan lójú ọ̀nà wọn, kí wọ́n fúnra wọn rìn wọ inú rẹ̀.

#19 Dúdú-àti-Funfun

Kí o sì bi ara rẹ pé kí ló dá ẹ dúró. Síta.

#20 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Mo ti gbé e sísàlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣojú àánú sí i.

Mo dùbúlẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Igbáàyà mi tutù, èèrà méjì gun etí mi. Mo ti yan ibi kan lójú ọ̀nà wọn, ibi tí èèpo igi ti gbé sókè díẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Fún wákàtí kan, èèrà lásán ló ń kọjá. Lẹ́yìn náà mo rí ohun kan tó ń mì bọ̀ lókèèrè, tó ga ju èèrà lọ dáadáa. Ìyẹ́ labalábá ni, ìyẹ́ nìkan, èèrà mẹ́rin sì gbé e ró ní òòró. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo iṣan inú ìyẹ́ yẹn hàn, ó pọ́n bíi gíláàsì. Mo bi ara mi síta pé kí ló dá mi dúró, ohùn mi gbọ̀n. Mo ní: "Ọkọ̀ ojú omi ni."

Mo ya mẹ́fà kó tó kọjá. Ìkẹrin ló mú.

#21 Lámilámi77

Háà.

#22 Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta

Àbúrò, apá òsì rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Má gé e.

#23 Arìnrìnàjò_K

Ó ga o! Òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ló mú mi jù lọ, ó jinlẹ̀ bí inú ihò àpáta. Igbó wo lo ti ya èyí? Ṣé èèyàn lè fi ọkọ̀ débẹ̀?

#24 Ọmọ_Ẹ̀kọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ilé wa ni, níbi tí a ń sá aṣọ sí. Òkùnkùn yẹn, aṣọ ìbora màmá mi ni.